Pákó Tí Kò Pariwo

Ní ọdún 1989, bí ẹ bá dé Ìkòtún tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá Mọ́ṣúdù aláago wà ládùúgbò, ẹ kò ní láti yọ ara yín lẹ́nu pé ẹ ń béèrè. Ẹ kàn máa dúró, kí ẹ tẹ́tí. Bó bá ti kúrò ní Ìgàndò tó ń gbé báyìí, ariwo pákó rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ dé ọjà. Bẹ́árìn onírin mẹ́rin ló wà lábẹ́ pákó náà. Sàkàrìyáù mẹkáníìkì ló tú wọn lára ọkọ̀ kan tó ti kú, wọ́n sì ń dún lórí ọ̀dà títì bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ajá tó sùn á dìde. Tọkọtaya tó ń jà á dá ìjà dúró ná, torí wọn ò ní gbọ́ èébú tí wọ́n ń bú ara wọn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà sì ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í ṣe aṣèbàjẹ́, gbogbo agbára tó yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹnu ló kó o sí. Ó kọ́ iṣẹ́ aago, ó wá sí Èkó, ó fẹ́ Hàbíbátù, ó di bàbá ọmọ mẹ́ta, pákó tó sì ń gùn kò ju ìdajì tábìlì ọmọ iléèwé lọ. Á jókòó sórí rẹ̀, á ká ẹsẹ̀ sábẹ́, á gbé àpótí iṣẹ́ lé itan, á mú igi kékeré méjì lọ́wọ́, á sì máa fi wọ́n ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Apá rẹ̀ wá ki débi pé àwọn alágbàrù ọjà ń jowú rẹ̀.

Ohun tó ń bí i nínú jù láyé ni àánú. Àwọn ará Ìkòtún kò lè rí i kí wọ́n má rántí ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn. Obìnrin kan á lá àlá tí kò yé e, alùfáà rẹ̀ á ní kó wá arọ kan, kó fún un ní ọsàn mẹ́fà. Arọ wo ló tún wà nítòsí? Wọn á dá Mọ́ṣúdù dúró láàrin títì, wọn á da ọsàn lé àpótí tó kó aago oníaago sí, ọ̀kan á yí lọ sínú gọ́tà.

"Ẹ ṣeun o, ìyá," ni yóò wí. "Ẹ bá mi kí àlá yín. Aago ọwọ́ yín yẹn ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn."

"Àmín, àmín," ni obìnrin náà á dáhùn, á sì máa lọ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn, aago tó ti kú lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ ohun tó sọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ó gbé ọsàn mọ́kàndínlógún délé, aago kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún un tún ṣe. Hàbíbátù ní kó kúkú máa ta ọsàn.

Abẹ́ òrùlé iwájú ilé kan létí ọjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí òjò bá rọ̀, ó rọ̀ sí i lára. Bí ọkọ̀ bá kọjá, eruku á bo inú aago tó tú sílẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé eruku àti aago kì í ṣọ̀rẹ́. Kì í ṣe pé kò wá ṣọ́ọ̀bù. Ó wá a títí. Ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Ìkòtún ló ní àtẹ̀gùn, torí gọ́tà àti àgbàrá. Kò sí èyí tó lè wọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbé e bí àpò gààrì láràárọ̀, ó sì ti pinnu pé òun kì í ṣe gààrì.

Nígbà tó yá, mọ́ṣáláṣí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí ara ọgbà rẹ̀. Wọ́n ti fi mẹ́ta háyà. Ẹ̀kẹrin wà níkángun, ó dojú kọ títì. Ẹni tó kọ́ ọ gbàgbé láti ṣe àtẹ̀gùn sí i, ilẹ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀ ìta wá dọ́gba. Gbogbo èèyàn ló bú bíríkìlà náà. Mọ́ṣúdù nìkan ló gbàdúrà fún un.

Alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí náà ni Alhaji Ọládòṣù, ọmọ onílẹ̀, àgbàlagbà tí kì í yára sọ̀rọ̀ torí ó mọ̀ pé wọn á dúró gbọ́. Òun ló gbé aago ńlá kan bọ̀ láti Mẹ́kà, tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń yí i kó lè máa ṣiṣẹ́, ó sì máa ń lù ní gbogbo wákàtí, débi pé wọ́n ń gbọ́ ọ lọ́jà. Aago náà wá dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, olúkúlùkù ló ń na aago ọwọ́ tirẹ̀ sí ládàánì lójú, kò sì sí méjì tó bára mu. Alhaji bá sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá tún aago náà ṣe, tó gbé e padà wá pẹ̀lú ẹ̀mí nínú rẹ̀, òun ni àwọn máa fún ní ṣọ́ọ̀bù kẹrin, kó lè máa tọ́jú rẹ̀.

Táyéwò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún. Aláago lòun náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì oríta, àtẹ̀gùn mẹ́ta gbáko ló ní. Mọ́ṣúdù kì í pe orúkọ rẹ̀, Atúnbàjẹ́ ló ń pè é, ó sì ti pè é bẹ́ẹ̀ títí àwọn oníbàárà náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Aago wà lọ́dọ̀ Táyéwò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé e padà bó ṣe gbà á. Wọ́n wá gbé e fún Mọ́ṣúdù. Ọjọ́ kẹrin, ó ti ń lù ní Ìgàndò, onílé rẹ̀ ní kó jọ̀ọ́, kó tètè dá aago Mẹ́kà padà kí òun lè sùn.

Mọ́ṣúdù gbé e lé itan, ó kọrí sí Ìkòtún. Ìgbà tó fi máa dé iwájú Alhaji, aago ti kú. Ó gbé e padà, ó tún un ṣe, ó tún gbé e wá. Ó tún kú. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Wáyà kan wà nínú aago, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, òun ló ń darí gbogbo rẹ̀. Bẹ́árìn onírin sì ń gbọn Mọ́ṣúdù títí dé eyín, ká má tíì wá sọ wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun.

"Jẹ́ kí n rù ú lọ," ni Hàbíbátù wí.

"Bí o bá rù ú dé ibẹ̀, ìwọ ni kí wọ́n fún ní ṣọ́ọ̀bù."

"Mo gbà, ṣá. Mo máa háyà rẹ̀ fún ọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ lọ́jà. Jàfárù ló wá sọ fún un. Káfíńtà ni Jàfárù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀, ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí. Bí Mọ́ṣúdù bá ti ń bọ̀ báyìí, Jàfárù á ti dìde dúró lẹ́nu iṣẹ́, á ti na ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀rín á ti kún ojú rẹ̀. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

"Mi ò fẹ́ sọ ọ́," ni Jàfárù wí, ó sì sọ ọ́. "Atúnbàjẹ́ yẹn ń sọ kiri pé ẹni tí kò lè gbé aago dé ibi tó ń lọ, ṣé ó yẹ kó gba ṣọ́ọ̀bù?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mọ́ṣúdù lára. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, ìyẹn ò sì ṣẹlẹ̀ rí. Alhaji ti ní òun fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, tó bá di Jímọ̀ kẹta láago méjìlá ọ̀sán tí aago kò bá dé láàyè, àwọn máa wá nǹkan míì ṣe.

Ó bá lọ bá Sàkàrìyáù mẹkáníìkì. Sàkàrìyáù yí pákó náà dojú dé, ó wò ó, ó mi orí bíi dókítà tó fẹ́ gba owó púpọ̀.

"Irin kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́," ó ní. "Ohun tí òkúta bá sọ fún un, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa sọ fún ìdí rẹ. Rọ́bà lo nílò. Kó rọ̀, kó sì tóbi díẹ̀. Èyí tó bá kéré jù, òkúta wẹ́wẹ́ á máa dá a dúró."

Ẹnì kan gbọ́, ó sọ fún ẹlòmíì, kò tó ọjọ́ méjì tí gbogbo Ìgàndò fi di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ pákó. Ọlátúnbọ̀sún, ọmọ onílé, tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé pẹ̀lú fìlà tí kì í ṣí, fa pákó aláràbarà kan tí àwọn ọmọ òyìnbó ń dúró lé gùn ṣeré yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òòró rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n ya egungun orí èèyàn sí ìdí rẹ̀, táyà mẹ́rin kéékèèké sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa mú un lọ, mi ò lò ó mọ́," ó ní. "Ní Lọ́ńdọ̀nù, ńṣe ló máa ń yọ̀ lọ."

"Ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ sójú títì?"

Ọlátúnbọ̀sún ronú sí i. "Rárá o," ó ní, bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣàkíyèsí rẹ̀ nìyẹn.

Mọ́ṣúdù kì í gba ẹnu èèyàn gbọ́, nítorí náà ó ní kí Hàbíbátù bu omi kún ife, kí ó kún dé etí. Ó kọ́kọ́ gbé ife náà síwájú ara rẹ̀ lórí pákó bẹ́árìn, ó gùn ún láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi àgbálùmọ̀. Nígbà tó débẹ̀, inú ife ti gbẹ, ṣòkòtò ló tutù. Ó gbé òmíràn sórí pákó Lọ́ńdọ̀nù. Èyí dẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti tẹ̀ sọ́tùn-ún báyìí, pákó náà á ti yà sọ́tùn-ún kíá, torí eré ìfò ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ìrìn àgbà. Táyà rẹ̀ kan òkúta tí kò ju ẹ̀pà lọ, ó dúró gbagidi. Mọ́ṣúdù kò dúró. Ife àti ẹni tó gbé e jọ parí sí inú gọ́tà.

"Ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀," ni Hàbíbátù wí, ó ń wo inú ife. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fa ọkọ rẹ̀ sókè.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tú aago mọ̀ pé ohun tó bàjẹ́ kì í bàjẹ́ tán. Mọ́ṣúdù tú pákó Lọ́ńdọ̀nù náà wò. Táyà rẹ̀ kò dára fún un, pákó rẹ̀ kúrú, ó sì gan. Àmọ́ irin méjì tó di táyà mú wú u lórí. Rọ́bà kékeré wà láàrin irin kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì kan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí o bá dẹ nọ́ọ̀tì náà, irin á máa tẹ̀ lẹ́sọ̀ lẹ́sọ̀. Bí o bá fún un, á le. Inú rẹ̀ dùn láti rí i pé ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní làákàyè. Ó yọ irin méjèèjì, ó dá pákó tó ní egungun orí padà fún ẹni tó ni ín.

Sàkàrìyáù ló rí táyà. Níbi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, ó bá bẹ́ẹ̀dì kan tó ti dà wó, irú èyí tí wọ́n fi ń ti aláìsàn kiri, táyà rọ́bà rírọ̀ mẹ́rin ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n táyà ńlá gbé pákó ga, bí pákó bá sì ga, ọwọ́ Mọ́ṣúdù kò ní kan ilẹ̀ láti fi tì í. Ó jókòó sórí rẹ̀ wò, igi ọwọ́ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Sàkàrìyáù ní kó gùn ún bẹ́ẹ̀, kó máa gbàdúrà fún afẹ́fẹ́.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ yìí fi jà á lórí. Lẹ́yìn náà ló fi ẹfun ya nǹkan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Jàfárù. Pákó gígùn ni, tó gùn tó ẹni tó nà gbọọrọ láti èjìká dé orúnkún. Orí àti ìdí rẹ̀ ga, ibẹ̀ ni irin máa wà. Àárín rẹ̀ rì sílẹ̀, ibẹ̀ ni òun máa jókòó. Ibi tí táyà ti lè fara kan pákó tó bá ń yà, kí wọ́n gé e kúrò roboto.

"Ìrókò ni kí n fi ṣe é," ni Jàfárù wí. "Kò ní ṣẹ́ títí ayé."

"Títí ayé kọ́ ni mò ń lọ, Ìkòtún ni. Ìrókò á wúwo, á sì tún gan bí irin. Píláìwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o fi lẹ ara wọn, mẹ́rin, kí o fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kó lè tẹ̀ bí mo ṣe yà á. Mo fẹ́ kó máa rọ̀ lábẹ́ mi díẹ̀díẹ̀."

Jàfárù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní àgbàlagbà fẹ́ máa fò sókè sódò bí ọmọdé. Síbẹ̀ ó ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo, ọwọ́ Jàfárù kì í parọ́. Ó lẹ pákó náà ní àlẹ̀mọ́ra tí kò sí àlàfo nínú rẹ̀, ó ha etí rẹ̀ yíká, ó tilẹ̀ fi fáníìṣì kùn ún. Ó dá a lójú pé pákó náà kò ní ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ burúkú.

Hàbíbátù bu omi sí ife. Mọ́ṣúdù gùn ún dé ìdí igi àgbálùmọ̀, ó yí i padà, ó gùn ún dé ẹnu ọ̀nà. Hàbíbátù ti ìka bọ inú ife. Omi tó dànù kò ju ẹnu ìka lọ. Ó kàn gbé omi inú ife náà mu, Mọ́ṣúdù sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Jímọ̀ kẹta pé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yí aago náà dé òpin, ó fi aṣọ inúlé wé e, ó gbé e lé itan, ó ń gbọ́ ọ tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ mọ́ ọn nínú. Ó bọ́ sí títì. Àwọn ará ilé mi, ẹni tí kò bá fi ọdún mẹ́sàn-án jókòó sórí bẹ́árìn kò lè mọ ohun tó ṣe ọkùnrin yìí lọ́jọ́ náà. Títì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Ó ti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pákó lọ jìnnà. Ajá tó sùn kò dìde. Obìnrin kan tó di ọsàn mẹ́fà mọ́wọ́ dúró létí títì, ó ń wo apá Ìgàndò, ó ń dúró kó gbọ́ ariwo arọ kan. Mọ́ṣúdù gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń dá orin kọ.

Ó dé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù kẹrin, wọ́n kẹ̀yìn sí títì. Alhaji Ọládòṣù wà láàrin, Jàfárù wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Táyéwò tí wọ́n ránṣẹ́ pè wà lápá òsì. Mọ́ṣúdù dé ẹ̀yìn wọn, ibi tó dúró kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ sí wọn. Ó la ẹnu láti kí wọn. Jàfárù ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

"Alhaji, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹni tí kò lè gbé aago dé ibi tó ń lọ, ṣé ó yẹ kó gba ṣọ́ọ̀bù? Ẹ jẹ́ kí n máa kó pákó mi síbẹ̀, mo ti ní kọ́kọ́rọ́ tí mo fẹ́ fi sí i. Ti Mọ́ṣúdù, arọ ni, sàráà ló tọ́ sí i. Ká máa bu ìrẹsì fún un ní Jímọ̀-Jímọ̀, Ọlọ́run á gbà á."

Ọ̀rọ̀ tó ní Atúnbàjẹ́ ń sọ kiri náà gan-an ni. Kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹ̀.

Alhaji jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó yíjú sí òsì. "Táyéwò, ìwọ ńkọ́? Bí a bá ní kí o máa tọ́jú aago náà, kí o sì gba ṣọ́ọ̀bù?"

"Rárá, Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Táyéwò wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tú aago yẹn, mi ò rí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tún un ṣe. Mi ò fẹ́ràn ẹnu rẹ̀ rárá, ó ń bú mi kiri ọjà, àwọn ọmọ mi ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn, èmi ò nírú rẹ̀. Bó bá jẹ́ aago lẹ ń wá, òun ni kẹ́ ẹ fún ní ṣọ́ọ̀bù."

Mọ́ṣúdù gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ Jàfárù dùn ún. Ó dùn ún ju ọjọ́ tó ṣubú sí gọ́tà lọ. Ojú sì tì í pẹ̀lú, torí ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti ń pe ọkùnrin yìí ní Atúnbàjẹ́. Ó di aago náà mọ́ra.

Bẹ́ẹ̀ ni aago náà bẹ̀rẹ̀ sí lù.

Gbogbo wọn yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Aago méjìlá ni, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejìlá ló ní láti lù, ó lóhùn, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ lé e lórí. Jàfárù la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Ó wo pákó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ní fáníìṣì. Mọ́ṣúdù kò gbójú kúrò lára rẹ̀ títí èkejìlá fi parí.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Jàfárù wí, "ìgbà wo lo dé?"

"Ó ti ṣe díẹ̀," ni Mọ́ṣúdù dá a lóhùn. "Pákó tí o ṣe fún mi dára gan-an ni. Kò pariwo rárá."

Alhaji Ọládòṣù wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo aago orí itan. Ó ní ó pé. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi í lé Mọ́ṣúdù lọ́wọ́.

Ó ku ká gbé aago kọ́. Ìṣó rẹ̀ wà lókè ògiri níbi tí ọwọ́ Mọ́ṣúdù kò lè dé láéláé. Jàfárù ti ń fa bẹ́ǹṣì bọ̀ kíákíá, ó ń wá ọ̀nà láti wúlò.

"Táyéwò," ni Mọ́ṣúdù wí. Kò tíì pe orúkọ náà rí, ó sì le díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Jọ̀ọ́, bá mi gbé e kọ́."

Táyéwò gun bẹ́ǹṣì, ó gbé e kọ́.

Mọ́ṣúdù wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó gun pákó rẹ̀ wọlé tààrà, kò ké sí ẹnikẹ́ni kó wá gbé òun. Àwọn oní-sàráà ṣì ń wá. Ó ti ra àga kan fún wọn, wọn á jókòó, á sì ní kí wọ́n bọ́ aago ọwọ́ wọn wá kóun yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ àlá. Lọ́jà Ìkòtún náà, àwọn èèyàn ti kọ́ láti máa bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ẹlòmíì, èyí tí wáàsí ogún ọdún kò lè kọ́ wọn.

Pákó bẹ́árìn kò di igi ìdáná bí Hàbíbátù ṣe fẹ́. Ó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù báyìí, Mọ́ṣúdù á ní kó bá òun gbé e sọ̀ kalẹ̀, á sì gùn ún jáde, gbogbo Ìgàndò á sì mọ̀. Hàbíbátù bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń fi egungun ara rẹ̀ jìyà nígbà tí pákó dáadáa wà nílé.

"Jàfárù ni mo fẹ́ lọ kí," ó ní. "Jẹ́ kó máa gbọ́ mi látòkèèrè, kó lè ráyè tún ojú rẹ̀ ṣe."